Lẹ́ńsì àwọ̀sùn: ojú mi là kedere lọ́sàn-án, àmọ́ lálẹ́ iná mọ́tò ń yọ òrùka. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Baba_Lúgbé

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará wa ní Àbújá àti káàkiri òkè Ọya. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti wọ lẹ́ńsì òru rí. Kì í ṣe lẹ́ńsì aláwọ̀ tí àwọn ọmọge ń fi ṣe fáàrí ni mò ń sọ o. Èyí tó le ni, tí èèyàn ń fi sójú sùn, tí yóò yọ láàárọ̀, tí kò sì ní í wọ awò kankan títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mi ò ti rí ọ̀ọ́kán. Nọ́ńbà awò mi jẹ́ -4.25 lójú ọ̀tún, -4.50 lójú òsì; bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe tóbi tó ni àìrí ọ̀ọ́kán ṣe le tó. Ẹni tó bá ń wọ awò mọ ohun tí mò ń sọ: tí mo bá yọ awò, tí ìyàwó mi dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, aṣọ rẹ̀ ni mo fi ń dá a mọ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, awò mi já bọ́ lẹ́bàá títì Airport Road, kẹ̀kẹ́ NAPEP sì gùn ún mọ́lẹ̀ lójú mi báyìí. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ló wa mọ́tò mi gbé mi délé bí ẹni gbé arúgbó. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo yọ lẹ́ńsì, mo wo aago ara ògiri, mo rí ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú. Omi bọ́ lójú mi. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, mo ti ń ka ìlà 6/6 lára pátákó lẹ́tà, ìyẹn ìlà tí ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáṣá ń kà. Ẹni tó tọ́jú mi bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní iṣẹ́ ti parí.

Iṣẹ́ ò tíì parí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná mọ́tò tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán á yọ òrùka ńlá yí ara rẹ̀ ká, bí ìgbà tí èèyàn ń wo àtùpà láàárín èéfín. Iná tó ń darí ọkọ̀ ní Berger, pupa rẹ̀ ń ṣàn bí epo. Ojú òsì ló wá burú jù: gbogbo lẹ́tà funfun tó wà lórí pátákó ló ní òjìji, bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà lọ bá wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ ka 6/6, kí lẹ tún ń fẹ́?" Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ẹ má bi mí.

Ṣé bó ṣe ń ṣe gbogbo yín nìyí? Ṣé ó máa lọ? Àbí kí n padà sídìí awò mi?

ÌyáÌbejì_Kúbwà

Baba Lúgbé, ẹ kú ìfaradà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ń wọ̀ ọ́ láti ọdún tó kọjá. Tiẹ̀ kò le tó tiyín, -2.25 ni. Kò ráhùn òrùka kankan fún mi rí, mo sì ti fẹ́ kọ ọ́ síbí pé ọ̀rọ̀ yín kò yé mi. Ni mo bá ní kí n kọ́kọ́ bi í. Mo mú un jáde síwájú géètì lálẹ́ yìí, mo ní kó wo iná sólà àdúgbò. Ó ní, "Mọ́mì, ó ní irun yí ká." Mo ní, láti ìgbà wo? Ó ní, "Ṣé tiyín ò ní ni?"

Ẹ wo ọmọ. Ọdún kan gbáko, ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni iná ṣe ń rí lójú gbogbo ayé.

Àlàmú_Takisí

Èmi ò wọ lẹ́ńsì, takisí ni mò ń wà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wakọ̀ lálẹ́ títí ẹ ó fi mọ ohun tó ń ṣe yín. Láti Ńyáńyá dé Màráràbá, fúùlù láìtì ni gbogbo wọn ń tàn síni lójú. Àwa tí ojú wa dá ṣáṣá, ọwọ́ la fi ń bojú. Iná wọn gan-an kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù o. Ọkùnrin tó wọ aṣọ dúdú, tó ń ti báró lọ láàárín títì, tí kò ní iná lẹ́yìn, òun ni. Tí òrùka iná bá bo ẹni yẹn mọ́lẹ̀, ó ti tán.

Dókítà_Ojú_Kàdúná

Iṣẹ́ ojú ni mò ń ṣe ní Kàdúná níbí. Mi ò lè yẹ ojú ẹnikẹ́ni wò látinú fóònù, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi dípò àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n Baba, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ kó pọ̀ sójú kan, a sì gbọ́dọ̀ tú u.

Ẹ bu òkèlè ẹ̀bà sọ́wọ́, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ kí ẹ tó fi bu ọbẹ̀. Àárín á wọnú, etí rẹ̀ á yọ sókè yí ká. Ohun tí lẹ́ńsì yìí ń ṣe sí kọ́níà nìyẹn, ìyẹn awọ tó mọ́ gaara bíi gíláàsì níwájú ẹyinjú. Kì í ṣe pé lẹ́ńsì ń fi ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí àtàǹpàkò o. Fẹ́ẹ́rẹ́ omijé tó há sáàárín àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ náà, ó ń rọra ti ìpele òkè awọ yẹn kúrò láàárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Gbogbo kọ́níà kò nípọn ju bí ìdajì mìlímítà lọ. Ohun tó ń dín kù láàárín rẹ̀ lóru kò nípọn tó fọ́nrán irun orí kan. Nítorí pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé tí ẹ bá dáwọ́ dúró, kọ́níà á padà sí bí ó ṣe wà.

Ibi tó tẹ́jú láàárín yẹn, fífẹ̀ rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 5 tàbí 6 lọ. Tí nọ́ńbà bá ti ga, ó máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀. Nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ọmọlójú yín kò ju mìlímítà 2 tàbí 3. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ń gba inú ibi tó tẹ́jú kọjá, ẹ sì ń rí kedere. Ilẹ̀ ṣú, ọmọlójú ṣí. Lójú ọ̀dọ́ ó lè fẹ̀ tó mìlímítà 7. Nígbà náà ni ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí etí tó yọ sókè wọlé, ibi tí ìyẹn sì ń balẹ̀ sí kì í ṣe ibi tí ti àárín ń balẹ̀. Òun ló di òrùka. Ìdí nìyẹn tí ọmọ Ìyá Ìbejì fi ń rí "irun" tí ẹ̀yin fi ń rí táyà: -2.25 kò jọ -4.50. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí FDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìtọ́jú, fọwọ́ sí irú lẹ́ńsì yìí fún wíwọ̀ sùn lọ́dún 2002, -6.00 ni wọ́n fi òpin sí. Bí ẹ bá ṣe ń sún mọ́ -6.00 yẹn ni òrùka á ṣe máa tóbi.

Ó tún ku ẹyọ kan. Láti àárọ̀ tí ẹ ti yọ lẹ́ńsì ni kọ́níà ti ń rọra padà. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí -0.25 sí -0.50 ti yọ́ padà wá, lójú ẹlòmíràn ó jù bẹ́ẹ̀. Àsìkò tí ọmọlójú yín fẹ̀ jù lọ náà ni agbára lẹ́ńsì kù jù lọ. Méjèèjì ló ń pàdé yín ní Berger ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Òjìji lẹ́tà lójú òsì ni mi ò fẹ́ràn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọlójú. Ó jọ pé lẹ́ńsì náà kì í jókòó sáàárín nígbà tí ẹ bá sùn. Ẹ ní kí wọ́n ya máàpù kọ́níà fún yín, ìyẹn àwòrán tó ń fi àwọ̀ hàn bí kọ́níà ṣe rí: búlúù fún ibi tó tẹ́jú, pupa fún ibi tó yọ sókè. Tí lẹ́ńsì bá gun òkè, ibi tó tẹ́jú á gun òkè pẹ̀lú rẹ̀, ìlà pupa tó wà nísàlẹ̀ á sì tẹ̀ bí ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín. Àwa oníṣẹ́ ojú mọ ẹ̀rín yẹn dáadáa, kò pa wá lẹ́rìn-ín. Kò sí iye ọ̀sẹ̀ tí ẹ lè fi sùúrù sí i tó máa fi lọ. Wọ́n máa tún lẹ́ńsì ṣe ni.

Ní ti 6/6: lẹ́tà dúdú kirimú lórí pátákó funfun, nínú yàrá tí iná tàn sí wàá. Kò sí ohun tó rọrùn láti rí ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin tí Àlàmú ń sọ, aṣọ dúdú lórí ọ̀dà dúdú, òun ni ìdánwò. Pátákó kan wà tí lẹ́tà rẹ̀ ń ṣá díẹ̀díẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di funfun. Ẹ ní kí wọ́n fi ìyẹn dán yín wò, kí wọ́n sì dín iná yàrá kù.

Baba_Lúgbé

Dókítà, ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tó tọ́jú mi kò ya máàpù kankan o. Iná àwọ̀ búlúù ló tàn sí mi lójú, ó kán nǹkan òféèfèé kan sí i, ó ní ó ti wọ̀.

Dókítà_Ojú_Kàdúná

Iná búlúù yẹn dára, ó ń fi hàn bí omijé ṣe tàn kálẹ̀ lábẹ́ lẹ́ńsì. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ lajú sílẹ̀ ló fi wò ó. Kò sọ ibi tí lẹ́ńsì lọ nígbà tí ẹ dijú sùn. Máàpù ló ń sọ ìyẹn. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ máàpù kò yẹ kó máa ta lẹ́ńsì yìí rárá, èrò tèmi nìyẹn. Kí ẹ tún tó sanwó fún ẹlòmíràn, ẹ bi í bóyá orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ODORBN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwa oníṣẹ́ ojú sílẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àfojúdi.

Àlháájà_Gwàríńpà

Salaam alaekum. Ọdún kẹrin mi rèé lórí lẹ́ńsì yìí, -3.00 ojú méjèèjì. Òrùka wà, mo ti mọ́ ọn lára. Ohun tí ẹnìkan kò sọ fún mi níbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oorun. Wọ́n ní kí n máa sùn wákàtí mẹ́jọ. Ó dáa, mò ń sùn ní aago mẹ́sàn-án àbọ̀, mo ń jí ní àsùbáà. Ìgbà tí Ramadan dé ni mo mọ̀ pé eré kọ́. A kírun àsámù tán, ó ti di aago mẹ́wàá kọjá. Kí n tó gbọ́únjẹ sọ́tọ̀ fún sààrì, ó di mọ́kànlá. Mo jí ní aago mẹ́ta àbọ̀. Wákàtí mẹ́rin àbọ̀ péré ni lẹ́ńsì fi wà lójú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì tán, tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ mi ò rí nọ́ńbà ara bọ́ọ̀sì mọ́. Mo rò pé ààwẹ̀ ló ń rẹ̀ mí.

Dókítà mi ní kì í ṣe ààwẹ̀. Ó ṣe awò kan fún mi, -0.75, pé kí n máa fi kún un nírọ̀lẹ́. Láti ìgbà náà, inú báàgì mi ló ń gbé. Baba Lúgbé, ẹ bi wọ́n nípa irú awò bẹ́ẹ̀ fún mọ́tò. Kì í pa òrùka rẹ́ tán, ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín òrùka á mú dáadáa.

Ọ̀rọ̀ kejì, fún àwa Mùsùlùmí: ẹ yọ ọ́ KÍ Ẹ TÓ ṣe àlùwàlá àsùbáà. Mo mọ ẹnìkan tó ń fi lẹ́ńsì sójú bọ́jú pẹ̀lú omi kẹ́tùrù lójoojúmọ́.

Ọmọ_Ìlọrin_ní_Zaria

Àlháájà, kí ni omi àlùwàlá fẹ́ fi lẹ́ńsì ṣe? Omi tó mọ́ ni. Èmi, píọ́ wọ́tà ni mo fi ń fọ lẹ́ńsì tèmi tí omi ìfọlẹ́ńsì bá ti tán.

Dókítà_Ojú_Kàdúná

Àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró lónìí. Ẹ da omi tó wà nínú ike lẹ́ńsì yín nù báyìí, kí ẹ tún lọ ra ike tuntun.

Omi lè mọ́ fún ìjọsìn, kó mọ́ fún mímu, kó má mọ́ fún lẹ́ńsì. Ohun kan ń gbé inú omi tí wọ́n ń pè ní Acanthamoeba. Ó wà nínú omi ẹ̀rọ, ó wà nínú táǹkì orí ilé. Tí ìyà bá ń jẹ ẹ́, á fi èèpo líle bo ara rẹ̀, kílórínì kì í tètè pa á. Tí ẹ bá mu ún, ikùn yín á lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n tó bá lẹ̀ mọ́ lẹ́ńsì, tí lẹ́ńsì sì há mọ́ abẹ́ ìpéǹpéjú fún wákàtí mẹ́jọ nínú ooru ara, ó ti rí ilé gbé. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣàpèjúwe. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń kán oògùn sí i, ẹlòmíràn kò sì ríran dáadáa mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bani. Ìwádìí kan láti Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2013, fojú bù ú pé nínú 10,000 èèyàn tó bá wọ lẹ́ńsì òru yìí fún ọdún kan, nǹkan bí 8 ni kòkòrò máa dá egbò sí lójú. Tó bá jẹ́ ti àwọn ọmọdé nìkan, nǹkan bí 14. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi píọ́ wọ́tà fọ̀ ọ́ ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá àwọn yẹn ni.

Ojú tó pọ́n, tó ń dunni, tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀: ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ gba ilé ìwòsàn ojú lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé lẹ́ńsì àti ike rẹ̀ dání, wọ́n lè fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ má kọ́kọ́ yà ní kẹ́míìsì.

Ọmọ_Ìlọrin_ní_Zaria

Mo ti dà á nù. Ẹ ṣé sà. Omi ìfọlẹ́ńsì ló wọ́n ju oúnjẹ lọ, kì í ṣe pé ojú wù mí í fọ́.

Aṣojú_Ewé_Ìyè

Ẹ yé fi lẹ́ńsì pa ara yín! Ewé wa á la ojú yín láàárín ọjọ́ méje, ẹ tẹ̀ wá láago

Àlàmú_Takisí

Alága, ẹ bá wa lé eléyìí jáde. Àwọn ló fi omi ewé fọ́ ojú bàbá àgbà mi.

ÌyáÌbejì_Kúbwà

Dókítà, ẹ̀rù ti ń bà mí. Àwọn ọmọdé 14, ẹ tún ní tọmọ ju tàgbà lọ. Ṣé kí n gbà á lójú ọmọ mi ni? Nítorí kí nọ́ńbà rẹ̀ má baà máa sáré gòkè la ṣe bẹ̀rẹ̀ o, kì í ṣe nítorí fáàrí. Ní ọdún méjì, ó kúrò ní -0.75, ó dé -2.25. Bàbá rẹ̀ ti ju -7 lọ.

Dókítà_Ojú_Kàdúná

Ìyá Ìbejì, ìdí tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ṣì dúró. Lára ìwádìí tí a gbójú lé jù ni èyí tí wọ́n ṣe ní Hong Kong, tó jáde lọ́dún 2012. Wọ́n pín àwọn ọmọ ọdún 6 sí 10 sí ọ̀nà méjì, àwọn kan wọ awò, àwọn kan wọ lẹ́ńsì òru, wọ́n ṣọ́ wọn fún ọdún méjì. Ẹyinjú ọmọ tí kì í rí ọ̀ọ́kán máa ń gùn lọ sẹ́yìn ni, òun ló ń gbé nọ́ńbà sókè. Ti àwọn tó wọ lẹ́ńsì fi bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́ra ju ti àwọn tó wọ awò.

Ohun tó máa yà yín lẹ́nu rèé. Etí òkèlè ẹ̀bà tó yọ sókè yẹn, tó ń fa òrùka lójú Baba Lúgbé, òun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ó ń dá ẹyinjú ọmọ yín dúró. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá ń balẹ̀ síwájú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ojú dípò kó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ojú kò sì rí ìdí láti máa gùn lọ bá a. Fún ọmọ ọdún 11 tí kì í wakọ̀, mo lè gba irun yí iná ká. Fún ẹni ogójì ọdún tí ojú rẹ̀ ti dúró sójú kan, tó ń wa mọ́tò lálẹ́, òrùka kò ní oore kankan tó ń ṣe é.

Ẹ̀yin ni kí ẹ máa wọ̀ ọ́ fún un, kí ẹ sì máa yọ ọ́ fún un, kì í ṣe òun. Ọwọ́ tí a fi ọṣẹ fọ̀, tí a nù gbẹ pátápátá.

Àlháájà_Gwàríńpà

Ẹ fi ti ọyẹ́ kún un, Dókítà. January tó kọjá, mo jí, lẹ́ńsì ọ̀tún kò mì. Ó lẹ̀ mọ́ ojú bí ìpẹ́ ẹja. Afẹ́fẹ́ Àbújá nígbà yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ètè ń là, gìgísẹ̀ ń là. Mo kánjú, mo mú rọ́bà kékeré tí wọ́n fi ń fà á yọ, mo fà á. Ọjọ́ méjì ni mo fi bo ojú.

Dókítà_Ojú_Kàdúná

Àṣìṣe tí mo ń rí jù lóṣù December sí February nìyẹn. Tí kò bá mì, ẹ má fà á. Ẹ kán omijé àtọwọ́dá sí i, ẹ máa ṣẹ́jú, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún kán an. Lẹ́yìn náà, ẹ wo òkè, kí ẹ fi etí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rọra tẹ ẹyinjú lẹ́bàá etí lẹ́ńsì, títí ẹ ó fi rí i tó sún. Ó sún tán kí ẹ tó yọ ọ́. Tí a bá fà á lágbára, awọ tó ń bá a lọ ni awọ tí ẹ fi ń ríran. Kí ẹ tó sùn, ẹ kán ẹ̀kán kan sínú lẹ́ńsì kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kí fáànù tàbí éésì fẹ́ sí yín lójú tààrà.

Ọmọ_Ìlọrin_ní_Zaria

Sà, ẹ má bínú, ìbéèrè kan. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ wọ iṣẹ́ ológun, ojú ni wọ́n fi lé e padà. Ṣé tó bá wọ lẹ́ńsì yìí lóru kó tó lọ, wọ́n á mọ̀?

Dókítà_Ojú_Kàdúná

Máàpù kọ́níà á tú u fó. Tí wọn kò bá tiẹ̀ ya á, nínú ìgbẹ́ ibi tí kò ti ní rí omi ìfọlẹ́ńsì, tí kò ní rí wákàtí mẹ́fà sùn, láàárín ọjọ́ mélòó kan ojú rẹ̀ á ti padà sí bí ó ṣe rí. Ìbọn á wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn.

Baba_Lúgbé

Ẹ̀yin ará, mo ti padà dé, oṣù méjì géérégé. Mo mọ̀ pé mo jẹ yín ní gbèsè àbọ̀.

Mo lọ síbòmíràn ní Wúsè. Obìnrin tó yẹ̀ mí wò gbé àgbọ̀n mi lé ẹ̀rọ kan, mo rí òrùka funfun bí ojú ìlù, ó ní kí n má ṣẹ́jú. Máàpù jáde sórí kọ̀ǹpútà. Ojú ọ̀tún: kókó búlúù láàárín, òrùka pupa yí ká, ó ṣe rẹ́gí. Ojú òsì: búlúù náà ti gun òkè, ó tún fà sí apá etí, pupa tẹ̀ nísàlẹ̀. Dókítà Kàdúná, ẹ̀rín yín nìyẹn! Ó ti lọ tó mìlímítà kan kúrò láàárín. Kì í ṣe orí mi ló ń dàrú.

Wọ́n ní kí n má wọ lẹ́ńsì òsì mọ́ títí kọ́níà á fi padà. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ ìyà. Ojú kan là, ojú kejì ń ṣókùnkùn sí i lójoojúmọ́. Awò mi àtijọ́, èyí tí mo fi rọ́pò èyí tí kẹ̀kẹ́ NAPEP gùn mọ́lẹ̀, kò ṣiṣẹ́, torí ojú òsì lónìí kọ́ ni ti ọ̀la. Lẹ́ńsì rírọ̀ tí èèyàn ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dànù ni wọ́n fún mi, oríṣiríṣi nọ́ńbà: -1.50 fún ọjọ́ méjì, -2.50, títí dé òkè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tún máàpù yà, wọ́n wá gba òdiwọ̀n tuntun. Owó tí mo ná tán, ẹ jẹ́ kí a fi Ọlọ́run ṣe.

Lẹ́ńsì tuntun ti pé ọjọ́ 18. Òjìji lẹ́tà ti lọ, kò kù ẹyọ kan. Òrùka kò lọ, ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní táyà mọ́tò, ó ti di òrùka ìka. Wọ́n ṣe awò -0.50 fún mi, àpótí iwájú mọ́tò ló ń gbé.

Mo ní kí wọ́n fi pátákó tó ń ṣá yẹn dán mi wò, ó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n dín iná kù. Pẹ̀lú awò mi àtijọ́, ìyẹn nígbà tí ojú òsì ti padà tán, mo ka ìlà méjì tó ṣá ju ibi tí mò ń kà á dé báyìí. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ó dà bí awò, lọ́sàn-án ló ń sọ.

Àlàmú_Takisí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire. Ìlọrin tí ẹ máa ń wà lọ lálẹ́ ọjọ́ Friday ńkọ́?

Baba_Lúgbé

Mo ti pa ìyẹn tì. Aago mẹ́fà àárọ̀ Satide ni mo ń kúrò nílé báyìí. Ìyá mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ọbẹ̀ tútù kọ́ ni mò ń bá mọ́.

ÌyáÌbejì_Kúbwà

Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tí ẹ lọ ní Wúsè ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n ya máàpù ti ọmọ yìí náà. Ó ní irun ojú ọ̀tún gùn ju ti òsì lọ.